Èèwọ̀ Tí Mo Fi Sí Áńgẹ́lì Lẹ́nu

Mo purọ́ mọ́ áńgẹ́lì, ìyá mi sì gba irọ́ náà gbọ́ débi pé ó ń jẹ̀rora nítorí rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin ará ojú ewé yìí, ẹ má tètè rẹ́rìn-ín, ẹ má sì tètè gbé mi ṣépè, ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná. Ádímínì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú wa ni kò ní iná mànàmáná, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kì í rí ibi tí wọ́n ti máa ṣáàjì fóònù tí wọ́n á fi ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Abúlé wa wà létí òkun, kò jìnnà sí Awoye, níbi tí ilé pákó ti dúró lórí òpó, tí òkun sì ń jẹ ilẹ̀ wa láti etí bí ọmọdé tó ń jẹ búrẹ́dì. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì nínú ilé wa. Fìlọ́sọ́fì ni mo kà níbẹ̀, iṣẹ́ tí mo sì rí fi ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni kí n máa kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ sórí ayélujára láti Àkúrẹ́. Mo fi wòlíì ṣe yẹ̀yẹ́, mo fi olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́, mo fi àwọn tó ń pe ara wọn ní dókítà ìwé ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn èèyàn ń kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rò pé ẹni tó bá ti lè fi nǹkan ṣe ẹ̀fẹ̀, nǹkan náà ò lè rí i mú mọ́. Ìyẹn ni mo fi gbogbo ọdún tí mo lò ní yunifásítì kọ́.

Ìyá mi, Ìyé ni à ń pè é bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, ẹja ló ń yan tà. Obìnrin tó lè gbé agbọ̀n ẹja gba orí pákó tóóró kọjá lórí omi, tí á tún máa bá ẹni tó wà lódìkejì jà lórí ẹ̀yáwó bó ṣe ń lọ. Ó rí kókó kan nínú ọmú rẹ̀, kò sọ fún èmi, kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìjọ ló sọ fún. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, èyí tí a máa ń bọ́ bàtà kí a tó wọlé, wọ́n sì bí mi sínú rẹ̀. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aríran, òun ló ríran pé ọfà ni wọ́n ta sí Ìyé láti inú omi, pé kí ó wá máa gbé nínú ilé àánú títí ọfà náà yóò fi jáde fúnra rẹ̀. Ilé àánú yìí, yàrá pákó kan ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni àwọn aláìsàn ń sùn sí lórí ẹní, pẹ̀lú àbẹ́là àti omi àdúrà nínú ike. Ìgbà tí kókó náà di ọgbẹ́ tó ń rùn ni ẹ̀gbọ́n mi tó pè mí. Ìgbà tí mo débẹ̀, mo rí i, mo jáde síta, mo di òpó mú. Ẹni tí kò ka ìwé ìṣègùn rí náà á mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni.

Mo ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni tó ní kí a gbé ilé náà lọ. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé bí nǹkan ṣe ń lọ ni? Mi ò gbàgbé. Ní ìjọ wa, ẹni tí ìran bá fi sínú ilé àánú, ìran nìkan ló lè mú un jáde. Bí ó bá jáde láìsí ìran, tí nǹkan sì ṣe é, òun ló pa ara rẹ̀, wọn ò sì ní bá a sin òkú rẹ̀. Mo lọ bá Baba Àpọ́sítélì tó jẹ́ olórí ìjọ, mo sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀, mo tú gbogbo gírámà mi sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà, mo ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rí jẹ́ àti ohun tí ìgbàgbọ́ jẹ́... Baba kàn ń mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyé tó dùbúlẹ̀ ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Ìwé tó o kà yẹn, ó dáa o, ọmọ mi. Ta ló kọ ọ́?" Mo ní àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Ó ní, "Àwọn ọ̀mọ̀wé náà dà?" Mo ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Ó ní, "Hẹn-ẹn." Gbogbo àgbà ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Bí ìyá mi ṣe borí fìlọ́sọ́fì nìyẹn, lórí ẹní, pẹ̀lú ọgbẹ́ láyà.

Ó wá ku ọ̀nà kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí mo wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ohun tí mo fi ń pa àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́rìn-ín jù ni pé mo máa ń ṣe bíi ti ẹni tí ẹ̀mí gùn. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Mo mọ bí orúnkún ṣe ń kọ́kọ́ gbọ̀n, mo mọ bí ohùn ṣe ń já, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pe "ọmọ ènìyàn, ọmọ ènìyàn" kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Nínú ìsìn ọjọ́ Ẹtì, ní ọ̀sán gangan, mo wọ ẹ̀wù funfun bàbá mi olóògbé, mo dúró sáàárín ìjọ, mo sì ṣe é. Mo gbọ̀n, mo kígbe, mo ṣubú, mo yí gbirigbiri. Mo ní mo rí áńgẹ́lì kan lórí omi, ó na ọwọ́ sí ilé gíga kan ní ìlú òkèèrè, àwọn aláṣọ funfun ń rìn nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ará ìjọ wa, áńgẹ́lì ní ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé arábìnrin yìí lọ, ibẹ̀ ni òun yóò ti wá fi ọwọ́ kàn án. Ìjọ mì tìtì. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún, ó ń pe orúkọ mi. Èmi tí mo ń yí nílẹ̀, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó... ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó...

Ǹ bá ti dákẹ́ níbẹ̀! Àfi bí ìyá kan láti inú ẹgbẹ́ akọrin ṣe kígbe pé, "Èèwọ̀ ńkọ́, Ẹ̀mí? Kí ni kò gbọdọ̀ ṣe?" Mo ti gbàgbé. Ìran tí kò bá ní èèwọ̀, àlá ẹni tó jẹun yó ni wọ́n ń kà á sí lọ́dọ̀ wa. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mi ò múra èèwọ̀ kankan sílẹ̀. Mo kàn la ẹnu, ohun tó jáde ni pé kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun tí yóò pa á lójú dé, pé áńgẹ́lì náà kì í bá ẹni tó sùn sọ̀rọ̀, pé ojú kedere ni yóò fi gba ìwòsàn rẹ̀. Ṣé ẹ rí mi? Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, inú mi tún ń dùn sí gbólóhùn náà. Mo ní òǹkọ̀wé ni mí lóòótọ́.

Ọjọ́ kejì ni a gbé e sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ìdajì ìjọ ló sìn wá dé etí omi pẹ̀lú orin. Ìyé jókòó gbagidi láàárín ọkọ̀ bí ọlọ́lá, omi òkun ń fọ́n sí i lójú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún awakọ̀ náà pé kó rọra, pé ẹni tí áńgẹ́lì ń dúró dè kì í pẹ́ dé. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà, mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn sí mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí. Ọjọ́ yẹn.

Ilé ìwòsàn tí a dé, kí n má purọ́, wọ́n gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ní òwúrọ̀, kí àwọn nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ kan aláìsàn kankan, wọ́n dúró yí ká wọ́ọ̀dù, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin, ọ̀kan nínú wọn wọnú àdúrà lọ débi pé mo ń wá ibi tí àbẹ́là wà. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn ń tọ́jú ni, Ọlọ́run ló ń woni sàn. Nígbà tí wọ́n yẹ Ìyé wò tán, dókítà àgbà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ó ti pẹ́ jù, ó ti wọ egungun ẹ̀yìn, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè mú un. Mo ní kí wá ni ṣíṣe, sà? Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Ẹ máa gbàdúrà." Mo rẹ́rìn-ín. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí àwọn èèyàn fi ń yà fún mi. Ṣé ó yé yín? Mo purọ́ mọ́ ọ̀run, mo la òkun kọjá, kí n lè gbé ìyá mi kúrò níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà lábẹ́ páànù wá síbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà lábẹ́ fáànù.

Dókítà kékeré kan, obìnrin, ló wá sọ òótọ́ tó wúlò fún mi. Ó ní oògùn olómi kan wà, mọ́fíìnì, kò ní wò ó sàn ṣùgbọ́n yóò mú ìrora náà kúrò, yóò sì jẹ́ kó máa sinmi. Mo ní ẹ ṣeun, ó kéré tán a rí ìyẹn. Nọ́ọ̀sì gbé e wá. Ìyé wo ife náà, ó béèrè pé, "Ṣé ó máa ń kunni lóorun?" Nọ́ọ̀sì yẹn kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun purọ́. Ó ní, "Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀, mà." Ìyé rọra ti ife náà padà. Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni méjì tó jọ mọ nǹkan àṣírí kan. Ó ní, "Wò ó, wọ́n fẹ́ fi èyí mú mi."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbà á. Gbogbo ìgbà tí ìrora bá dé, á fi eyín di etí aṣọ mú, iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ síta, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń wò. Mo mọ ẹni tó ń retí níbẹ̀, èmi ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ìyá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, Ìyá Ràfíátù, Mùsùlùmí ni, ará ọ̀nà omi ni wọ́n bíi tiwa, irú àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ń gba oògùn tiwọn. Wọ́n máa ń sùn, ọmọ wọn ọkùnrin á jókòó tì wọ́n, á máa ka Kùránì jẹ́jẹ́, bí wọ́n bá jí wọ́n á mu ògì díẹ̀, wọ́n á béèrè iye tí ẹja ń lọ lọ́jà, wọ́n á tún sùn. Ìyé máa ń wò wọ́n pẹ̀lú àánú. Lánàá ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, òun tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní, "Ó ṣe mí láàánú. Kò ní ẹni tó ríran sí i."

Mo ti gbìyànjú láti tú èèwọ̀ náà. Mo jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ní Ìyé, mo tún ríran o, áńgẹ́lì ní òun ti mú èèwọ̀ náà kúrò. Ó fọwọ́ kàn mí léreke. Ó ní, "Lórí àga oníke? Pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀?" Ó ní, "Ọmọ mi, ìfẹ́ ló ń dà ọ́ láàmú, kì í ṣe ìran." Ó ní bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí wọ́n gbé òun padà sí iwájú pẹpẹ, kí n wọ ẹ̀wù, kí n sọ ọ́ níbi tí mo ti sọ ti àkọ́kọ́. Mo bi dókítà kékeré yẹn bóyá Ìyé lè rin ìrìn àjò orí omi. Ó ní bí ìgbì bá gbá ọkọ̀ náà dáadáa, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó má dé ilé.

Baba Àpọ́sítélì wá bẹ̀ ẹ́ wò. Mo fà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní Baba, irọ́ ni mo pa, ẹ̀mí kankan ò gùn mí.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Mo gbé orí sókè.

"Ẹni tí ẹ̀mí bá gùn kì í mọ ibi tí òun máa ṣubú sí. Ìwọ yẹ ilẹ̀ wò kó o tó ṣubú. Orí ẹní tí Ìyá Bùnmi tẹ́ síbẹ̀ lo wá bọ́ sí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí lórí ìdọ̀bálẹ̀ tí mo wà. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò fi sọ̀rọ̀? Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn náà ti ń fẹ́ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n Ìyá Aríran ló ríran tó gbé e wọlé, àwọn ò lè fi ẹnu lásán yí ìran àgbà padà. "Mo ń wá ẹni tí yóò bá mi purọ́ ni. Ọlọ́run rán ọ."

Mo ní ó dáa, Baba, ẹ bá mi sọ fún un pé kò sí èèwọ̀ kankan, ọ̀rọ̀ yín á wọ̀ ọ́ létí. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ pé irọ́ ni èèwọ̀, á béèrè ti áńgẹ́lì. Bí áńgẹ́lì bá jẹ́ irọ́, á béèrè ti ọfà, á béèrè ti gbogbo ọdún tó fi kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Nígbà náà, kí lo máa fún un dípò rẹ̀? Ìwé rẹ?" Wọn kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ìbéèrè gidi ni wọ́n ń béèrè, wọ́n dúró de ìdáhùn. Wọ́n wọlé, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n gbé àgbọn tí wọ́n mú wá sílẹ̀, wọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ nǹkan kan. Òun ló ń ṣọ́ ife tí Ìyé fi ń mu ògì, kí ẹnikẹ́ni má bàa da oògùn sí i, nítorí ó ti gbọ́ pé àwọn oníṣègùn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé èmi tí mo jókòó tì í ni mo ń gbèrò àti ṣe é. Dókítà kékeré náà ti sọ fún mi pé àwọn kì í fún ẹni tí orí rẹ̀ pé ní oògùn tó bá ti ní òun ò fẹ́. Ó tọ̀nà. Gbogbo èèyàn ló tọ̀nà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Ní ilé, wọ́n ti ń pè mí ní Wòlíì. Wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé kí n bá àwọn wo ọ̀rọ̀ ìrìn àjò, kí n bá àwọn wo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí kò jí. Èmi!

Mo ti gbàdúrà pẹ̀lú. Ẹ lè rẹ́rìn-ín níbí. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn aṣọ ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó tutù, mo la ẹnu. Ohùn tó jáde, ohùn tí mo fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Mi ò ní òmíràn. Mo wá a títí, mi ò ní òmíràn.

Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ òótọ́ fún un, kí ó gba oògùn, kí ara tù ú, kí ó sì kú láìní áńgẹ́lì, láìní Ọlọ́run, láìní ọmọ tó lè gbẹ́kẹ̀ lé? Ṣé kí n gbé e sínú ọkọ̀, kí n lọ pa irọ́ kejì níwájú pẹpẹ, bí ìgbì bá jẹ́ kí a dé? Ṣé kí n máa wò ó títí yóò fi parí? Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú ìyá yín rí, kí ni ẹ ṣe? Kí ni ẹ ṣe tí ẹ ṣì lè máa sùn?

Láàárọ̀ yìí ó fún mi ní aṣọ ìnujú kan tí a rẹ sínú omi tútù. Ó ní oorun ti ń fẹ́ borí òun láìsí oògùn, ara òun ni kò lágbára mọ́, ó ní bí òun bá ti fẹ́ sùn, kí n fi nu òun lójú kí n jí òun, kí áńgẹ́lì má bàa wá kọjá. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi lójú àánú jù, èmi ni òun fi ọkàn tán. Bí mo ṣe ń kọ èyí, aṣọ náà wà lọ́wọ́ mi, ó ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Ìyé sì ti sùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, iwájú orí rẹ̀ tẹ́jú, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dé ibí...

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dáhùn. Ṣé kí n jí i?